Ibo Ni “Possible” Gbà Lọ? Lórí Orúkọ àti Ẹ̀rí Nínú Ìwádìí Electromagnon

Lámèyítọ́ la tún gbé dé. Àmọ́ ìwé tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àròsọ, kì í sì í ṣe ewì. Ìwé àwọn onímọ̀ físíìsì ni, kò sì gùn rárá. Andrei Pimenov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, ó jáde nínú Nature Physics lọ́dún 2006. Àkọlé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni “Possible evidence for electromagnons in multiferroic manganites”. Ọ̀rọ̀ méje péré. Mo fẹ́ ká dúró lórí èkíní, torí òun ni àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn wọn kọ́kọ́ gbé jù nù.

Ẹ má bi mí pé kí ló kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú òòfà. Kò sí ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí tí kì í gba ẹnu èdè kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bó ti wù kí ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́n tó, gbólóhùn ló máa fi jíṣẹ́. Ibi tí gbólóhùn bá sì wà, iṣẹ́ mi wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé láàárín 2006 sí 2010, orúkọ kan dúró gbọn-in nígbà tí àlàyé tó wà lábẹ́ rẹ̀ yí padà, àti pé a lè fi girama àkọlé ìwé tọ ipasẹ̀ ìyípadà náà. Èrò tèmi ni pé orúkọ náà dára, iyèméjì tó kọ́kọ́ bá a rìn náà dára, ṣùgbọ́n wọ́n tètè lé iyèméjì náà lọ kí wọ́n tó san gbèsè rẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìmọ́lẹ̀, àtèyí tí ojú ń rí àtèyí tí ojú kì í rí, ìgbì ni. Ìgbì náà ní ọwọ́ méjì: ọwọ́ iná àti ọwọ́ òòfà. Ibi tí ọwọ́ kan bá kọjú sí, èkejì á dábùú rẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú nǹkan líle, ọwọ́ iná rẹ̀ á máa mi àwọn átọ́ọ̀mù tó ru iná. Ọwọ́ òòfà rẹ̀ ló yẹ kó máa mi àwọn òòfà kéékèèké tó wà nínú àwọn átọ́ọ̀mù kan, irú bíi máńgánísì àti irin. Bí ìyára ìgbì náà bá ṣe déédéé pẹ̀lú ìyára tí nǹkan náà fi ń mì, nǹkan náà á gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì. Ẹni tó ń wòye ní òdìkejì á wá rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó jáde dín kù níbì kan, bíi kòtò nínú àwòrán tí ẹ̀rọ yà. Irú kòtò yẹn ni ìwé Pimenov dá lé.

Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n lò kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. William Herschel ló kọ́kọ́ bá ìbátan rẹ̀ pàdé lọ́dún 1800. Ó fi díńgí onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ wẹ́wẹ́, ó gbé tẹmómítà sí ẹ̀yìn àwọ̀ pupa, ó sì rí i pé ibẹ̀ gbóná, bẹ́ẹ̀ ojú ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Herschel fi iṣẹ́ tó ń ṣe pè é: ìtànṣán tó ń mú nǹkan gbóná. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló fi ibùgbé rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ní infrared, ará ìsàlẹ̀ pupa. Ẹ fi ọ̀nà ìsọlórúkọ méjèèjì yìí sọ́kàn, a ó padà sí i. Èyí tí Pimenov lò jìnnà sí pupa gan-an: gígùn ìgbì rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà. Àdúgbò ibẹ̀ ni òòfà inú irú kírísítà yìí ti máa ń mì.

Kírísítà tó ṣe kókó jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni TbMnO3: terbium, máńgánísì àti ọ́síjìn. Tí wọ́n bá mú un tutù dé bíi Kelvin 41, ìyẹn bíi ìwọ̀n Celsius 232 sí ìsàlẹ̀ òdo, àwọn òòfà máńgánísì inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Tó bá tún tutù sí i dé bíi Kelvin 28, wọ́n á tò bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́: ọ̀kan kọjú sókè, èyí tó tẹ̀ lé e yí díẹ̀, òmíràn tún yí díẹ̀ sí i, títí yíyí náà á fi pé. Níbi tí kẹ̀kẹ́ òòfà yìí bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ìyapa iná ti máa ń ṣẹlẹ̀: iná tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan kírísítà á yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Lọ́dún 2003, Kimura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn nínú Nature pé ipá òòfà láti ìta lè yí ojú ìyapa iná yìí padà láti ìhà kan kírísítà sí ìhà mìíràn. Òòfà ń darí iná! Irú ohun tí ètò méjèèjì bá ń gbé inú rẹ̀ pọ̀ báyìí ni Hans Schmid sọ ní multiferroic lọ́dún 1994.

Ìbéèrè tó kàn kò ṣòro láti rí. Tí òòfà àti iná bá so mọ́ ara wọn nígbà tí nǹkan dúró jẹ́ẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá ń mì? Àwọn òòfà inú kírísítà lè mì tẹ̀ léra wọn bí ewéko tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ìgbì òòfà yẹn ni wọ́n ń pè ní magnon. Nínú òòfà lásán, ọwọ́ òòfà ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń jí i. Ṣé ìgbì òòfà kan lè wà tí ọwọ́ iná ń jí? Ìyẹn ni electromagnon.

Bí wọ́n ṣe dán an wò nìyí, ó sì mọ́gbọ́n dání. Kírísítà náà ní ìhà mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní a, b àti c. Wọ́n to ìmọ́lẹ̀ náà kí ọwọ́ iná rẹ̀ lè kọjú sí ibì kan ṣoṣo, wọ́n sì ń yí kírísítà padà. Tí ọwọ́ iná bá kọjú sí ìhà a, kòtò á yọ, ibi yòówù kí ọwọ́ òòfà kọjú sí. Tí ọwọ́ iná bá kúrò ní a, kòtò á pòórá. Èyí fi hàn pé ọwọ́ iná ló ń pè. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ́? Wọ́n mú GdMnO3, ìbátan TbMnO3, wọ́n fi ipá òòfà láti ìta tú ètò ìgbì àwọn òòfà inú rẹ̀ ká, kòtò náà sì parẹ́. Iná pè, òòfà ló dà bíi pé ó jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn lọ́dún 2006. Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí “possible”.

Ẹ wo ọgbọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì fi sá mọ́ wa lọ́wọ́. Tí a bá fẹ́ gbé àkọlé yẹn sí Yorùbá, a ò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síwájú ká kọjá lọ. A gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú méjì. Àbí “Ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe kí electromagnon wà”? Àbí “Ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rí pé electromagnon wà”? Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀rí dájú, ohun tó ń jẹ́rìí sí ni kò dájú. Nínú èkejì, a ò tíì mọ̀ bóyá ohun tí a rí tó ẹni tí à ń pè ní ẹ̀rí. Girama Gẹ̀ẹ́sì fara mọ́ èkejì, torí “evidence” ni “possible” ń yán. Mo sì gbà pé èkejì ló bá iṣẹ́ wọn mu gẹ́lẹ́. Kòtò náà wà, kò sí àríyànjiyàn. Bóyá kòtò náà lè jẹ́rìí ni àríyànjiyàn.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tó ràn wá lọ́wọ́ níbí: àmì àti ẹ̀rí. Àmì kì í lahùn. Kùrukùru lójú ọ̀run, àmì òjò ni, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Ẹ̀rí ní ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí sì ní ẹnu, a lè da ìbéèrè bò ó. Kòtò kan nínú àwòrán, àmì ni. Ó lè jẹ́ àmì ìgbì òòfà. Ó sì lè jẹ́ àmì nǹkan mìíràn: ìmìtìtì àwọn átọ́ọ̀mù lásán, tàbí ìfòsókè àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù terbium fúnra wọn, torí terbium ní irú rẹ̀ ní àdúgbò yẹn gan-an. Ìdí nìyí tí GdMnO3 fi wúlò nínú ìwé náà. Gadolinium kò ní irú wàhálà yẹn lára. Ẹni tó bá ka ìwé náà dáadáa á rí i pé àwọn òǹkọ̀wé náà mọ̀ pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo làwọn ní. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà sì sọ ọ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. “Possible” yẹn ni ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ̀ láti jẹ́ àgbà òṣìkà. Mo kí wọn fún un.

Ẹ wá tẹ̀ lé mi ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àkọlé.

Lọ́dún 2007, Sushkov, Valdés Aguilar, Drew àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwé jáde nínú Physical Review Letters. Àkọlé rẹ̀ ni “Electromagnons in multiferroic YMn2O5 and TbMn2O5”. “Possible” ti lọ. “Evidence” náà ti bá a lọ. Ọ̀rọ̀-orúkọ ló kù, àti àdírẹ́sì ibi tó ń gbé. Ó dà bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn tó ní, “Àwọn nìyí o.” Kí n má ṣe ojúsàájú: ìwé yìí ní ohun kan tó gbé e nídìí. Yttrium, tó jẹ́ Y nínú YMn2O5, kò ní òòfà tirẹ̀ rárá, torí náà a ò lè di ẹ̀sùn kòtò náà rù ú. Ẹlẹ́rìí yẹn lágbára. Síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ náà ló tún ń jẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí tó wá láti agbo ilé mìíràn ni Senff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú wá lọ́dún 2007 kan náà. Neutron ni wọ́n lò. Neutron kì í ru iná, òòfà ara rẹ̀ ló fi ń bá òòfà inú kírísítà sọ̀rọ̀. Wọ́n rí ìgbì òòfà nínú TbMnO3 ní agbára kan náà tí ìmọ́lẹ̀ ti rí kòtò. Níbẹ̀ gan-an, sí ojú tèmi, ni wọ́n ti san apá àkọ́kọ́ nínú gbèsè “possible”: a lè sọ báyìí pé òòfà ló jẹ́ ìpè náà.

Lọ́dún 2009, Valdés Aguilar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òmíràn jáde: “Origin of electromagnon excitations in multiferroic RMnO3”. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ìtumọ̀, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. “Origin” ń bi wá pé níbo ló ti wá. A kì í bèèrè ìlú àlejò kí a tó gbà pé àlejò dé. Wíwà electromagnon kì í ṣe ohun tí gbólóhùn náà ń sọ mọ́, ohun tí gbólóhùn náà jókòó lé ni. Ẹ dán an wò pẹ̀lú “kò”: “A ò mọ orísun electromagnon.” Àìmọ̀ kan orísun, kò kan electromagnon. Ó ṣì wà síbẹ̀, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà ti ti ibi iyèméjì bọ́ sí ìsọdájú, ó sì ti ti ibi ìsọdájú bọ́ sí ohun tí a ò bèèrè mọ́.

Ìyẹn ò burú tó bá jẹ́ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń pè ní electromagnon. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí o.

Nígbà tí Katsura, Balatsky àti Nagaosa ṣe àlàyé wọn lọ́dún 2007, àlàyé náà rẹwà. Ṣé ẹ rántí kẹ̀kẹ́ òòfà yẹn? Ìyapa iná ń tẹ̀ lé ibi tí kẹ̀kẹ́ náà dojú kọ. Tí ọwọ́ iná bá wá ti kẹ̀kẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa fì sọ́tùn-ún sósì, ìyapa iná á sì máa fì pẹ̀lú rẹ̀. Nínú TbMnO3, ìhà a ni ọwọ́ iná ti gbọ́dọ̀ wá kó tó lè ti kẹ̀kẹ́ náà bẹ́ẹ̀, ìhà a náà sì ni kòtò ti yọ. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Electromagnon wá di fífì kẹ̀kẹ́. Ohun tó ń fa ìyapa iná nígbà tí nǹkan dúró jẹ́ẹ́ náà ló ń fa kòtò nígbà tó ń mì. Orúkọ kan, ìdí kan.

Àmọ́ àlàyé tó dáa máa ń fúnni ní ọ̀nà tí a lè gbà mú un nírọ́. Tí fífì kẹ̀kẹ́ bá ni, ẹ fi ipá òòfà yí kẹ̀kẹ́ náà kó dojú kọ ibòmíràn. Ọwọ́ iná tí yóò lè tì í gbọ́dọ̀ kúrò ní a bọ́ sí c. Kida àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú DyMnO3, iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 2008. Kẹ̀kẹ́ yí. Kòtò ò yí. Ìhà a ló ṣì wà, kò yẹsẹ̀.

Iṣẹ́ tí ìwé 2009 yẹn ṣe ni pé ó sọ ìdí rẹ̀. Òòfà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ń bára wọn ṣe àdéhùn, bóyá kí wọ́n kọjú síbì kan náà tàbí kí wọ́n kọ̀yìn síra. Bí àdéhùn náà ṣe lágbára tó dá lórí bí àwọn átọ́ọ̀mù tó wà láàárín wọn ṣe dúró. Nínú ẹbí RMnO3, ọ̀nà tó ti máńgánísì gba inú ọ́síjìn dé máńgánísì kejì wọ́, kò tọ́. Tí ọwọ́ iná bá ti àwọn átọ́ọ̀mù náà sí ìhà a, àdéhùn àwọn òòfà á le níbì kan, á dẹ̀ níbòmíràn, ìgbì òòfà á sì bẹ̀rẹ̀. Ìrísí kírísítà ló yan ìhà a, kì í ṣe ibi tí kẹ̀kẹ́ dojú kọ. Àdéhùn yìí, tí wọ́n ń fi orúkọ Heisenberg pè, lágbára gan-an ju ipá Dzyaloshinskii àti Moriya tó ń fa ìyapa iná nígbà tí nǹkan dúró jẹ́ẹ́. Nítorí náà, ìdí méjì ni, kì í ṣe ìdí kan.

Ẹ tún wo àkọlé wọn pẹ̀lú ohun tí ẹ ti mọ̀ yìí. Ìwé yẹn ló ronú jinlẹ̀ jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àkọlé rẹ̀ fi ohun kan sílẹ̀ tó ń bá inú ìwé jà: “multiferroic”. Ẹni tó bá ka àkọlé náà lásán á rò pé jíjẹ́ multiferroic kírísítà náà ló bí electromagnon, bẹ́ẹ̀ ohun tí inú ìwé ń wí ni pé ọ̀nà tí iná gbà ń jí ìgbì òòfà yìí kì í ṣe ọ̀nà tí ìyapa iná gbà wáyé. Ẹ̀yán kì í parọ́, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí òǹkàwé so nǹkan tí kò so mọ́ra pọ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀yán tó sanra. Valdés Aguilar kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ìwé kan jáde lọ́dún 2007 nípa Eu0.75Y0.25MnO3, “Colossal” ló sì bẹ̀rẹ̀ àkọlé rẹ̀. Ohun tí ìwé náà rí dára: bí kòtò òòfà ṣe ń jìn sí i, kòtò ìmìtìtì átọ́ọ̀mù kan ń dín kù. Kòtò òòfà ò dá agbára ní, ó yá a lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ ni. Ẹ̀rí tó lẹ́wà gan-an nìyẹn pé iná wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Kí ló wá kan “ràbàtà” níbẹ̀? Lọ́dún 1988, àwọn onímọ̀ òòfà ní “giant”. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1990 sí 1999, “giant” ò tó mọ́, “colossal” ló kù. Tí a bá lo ràbàtà tán, gbẹ̀ǹdù ló kàn. Ẹ̀yán tó ń sanra lọ́dọọdún kì í jẹ́ ká mọ èyí tó tóbi ní tòótọ́. Ìwé 2006 náà kò mọ́ nínú irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “possible”, ṣùgbọ́n níbi tó ti ń ṣèlérí ẹ̀rọ ọjọ́ iwájú tí a ó máa fi òòfà darí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, iyèméjì ti sá lọ. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ohun tí kì í ṣiṣẹ́ àfi tó bá tutù ju ìwọ̀n Celsius 200 lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, a ò tíì lè fi sínú fóònù.

Ìwé tó kẹ́yìn nínú ọ̀wọ́ yìí jáde lọ́dún 2010. Shuvaev ló ṣáájú, Pimenov náà sì wà nínú wọn: “Evidence for electroactive excitation of the spin cycloid in TbMnO3”. Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ òòfà TbMnO3, wọ́n kọ ọwọ́ iná sí ìhà c, wọ́n sì rí kòtò kékeré kan níbẹ̀. Fífì kẹ̀kẹ́ nìyẹn, èyí tí àlàyé 2007 ti sọ tẹ́lẹ̀ gan-an. Ó wà lóòótọ́. Ó kàn kéré ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo girama àkọlé yẹn. “Evidence” ti padà, “possible” ò sì padà pẹ̀lú rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ti mọ ìbéèrè tí wọ́n ń bi ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n orúkọ náà dà? Electromagnon kò sí nínú àkọlé! Ọkùnrin tó gbé orúkọ náà sójú àkọlé lọ́dún 2006 ló wá ń fi àpèjúwe gígùn pe èyí: ìmì kẹ̀kẹ́ òòfà tó ń jẹ́ ìpè iná. Kí ló fà á? Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé orúkọ ti gba ọmọ mìíràn. Kòtò ńlá ìhà a ti jẹ orúkọ náà tán. Ọmọ tí àlàyé 2007 ń retí dé lẹ́yìn, ó bá orúkọ lọ́rùn ẹ̀gbọ́n.

Ṣé orúkọ náà wá burú ni? Rárá o. Ó dára, ìdí tó fi dára ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Electromagnon ò sọ ìdí. Ohun tó sọ kò ju pé ìgbì òòfà ni, iná ló sì ń jí i. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ ní “ìfì-kẹ̀kẹ́” lọ́dún 2007, ọdún 2009 ì bá ti tú orúkọ náà dànù. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, àmọ́ nínú sáyẹ́ǹsì, kì í ṣe gbogbo yàrá ilé la máa ń rí lọ́jọ́ ìkómọ. Yàrá tí a rí ni ká fi sọ ọ́. Ohun tí Herschel ṣe náà nìyẹn nígbà tó ní ìtànṣán tó ń mú nǹkan gbóná.

Ó kan èdè tiwa náà. Láti ìgbà tí Fáfúnwá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970, tí Bámgbóṣé sì ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá lọ́dún 1984, iṣẹ́ ìsọlórúkọ ò tíì tán. Tí mo bá ní kí ẹ pe electromagnon lédè Yorùbá, mo mọ èyí tó máa kọ́kọ́ wá sẹ́nu yín: “ìgbì òòfà oníná”. Mi ò fara mọ́ ọn. Oní- jẹ́ àfòmọ́ ìní. Onílé ló nilé, oníṣòwò ló ni òwò. “Oníná” á sọ pé ìgbì náà ló ni iná, bẹ́ẹ̀ a ti rí i pé ṣe ló yá a lọ́wọ́ ìmìtìtì átọ́ọ̀mù. Èyí tí mo fẹ́ ni “ìgbì òòfà ajẹ́pè-iná”. A- jẹ́ àfòmọ́ olùṣe: ẹni tó ń jẹ́ ìpè. Ó sọ ẹni tó pè, ó sọ ẹni tó jẹ́. Kò sọ ìdí tó fi jẹ́, ìyẹn sì ni ẹwà rẹ̀. Àti èyí tó wà ní ìhà a àti kékeré tó wà ní ìhà c, orúkọ náà gbà wọ́n méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò ní bá orúkọ lọ́rùn ẹ̀gbọ́n.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé Yorùbá ò lè gbé irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ padà wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lórí “possible”. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ká gbé iyèméjì ká kọjá lọ láìbèèrè ibi tó wà. Yorùbá dá wa dúró, ó ní, “Èwo lò ń wí nínú méjèèjì?” Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tí a bá fi orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè mọ́ lé lọ́wọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò, á sì gbàgbé pé ẹnì kan ti ṣiyèméjì rí. Èyí tó bá túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní lè gbàgbé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí iyèméjì ò sí lọ́kàn rẹ̀ ò ní yẹ ẹ̀yìn ẹ̀fà wò.

Ìtumọ̀ tèmi fún àwọn àkọlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí. Mo fi multiferroic sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ti 2006: “Ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rí pé ìgbì òòfà ajẹ́pè-iná wà nínú àwọn manganite multiferroic”. Ti 2007: “Àwọn ìgbì òòfà ajẹ́pè-iná tó wà nínú YMn2O5 àti TbMn2O5 tó jẹ́ multiferroic”. Ti 2009: “Ibi tí ìgbì òòfà ajẹ́pè-iná ti wá nínú ẹbí RMnO3 tó jẹ́ multiferroic”. Ti 2010: “Ẹ̀rí pé kẹ̀kẹ́ òòfà inú TbMnO3 ń jẹ́ ìpè iná”.

Ẹ kà wọ́n tẹ̀ léra wọn sókè, kí etí yín gbọ́ ọ. Tí ẹ bá ní ìtumọ̀ tó dáa ju tèmi lọ, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì wà ní ẹ̀ka físíìsì, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé “oníná” dùn ún pè jù. Mo mọ̀ pé ó dùn ún pè.